Tàtàṣé Ń Pọ́n Lẹ́yìn Ilé Màmá Tíṣà

Ọgbà náà kò tóbi rárá. Ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní Apẹ̀tẹ̀, n'Ìbàdàn, ni. Kànga wà lọ́wọ́ ọ̀tún, okùn ìsáṣọ wà lọ́wọ́ òsì, ohun tó ṣẹ́kù láàrin méjèèjì kò ju ibi tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì lè dúró sí lọ. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá tí mo débẹ̀, tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú, tọmọdé tàgbà tàtàṣé ló wà níbẹ̀: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú àwo, èyí tó ń tanná, àti èyí tó ti pupa fòò lórí igi.

Ìyá tó ni ọgbà náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tipẹ́. Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n dáhùn, ojú wọn sì lọ sí ẹsẹ̀ mi.

"Bọ́ bàtà ẹ síbẹ̀, ọmọ mi. Wọ sálúbàtà yìí. Ṣé o máa ń mu sìgá?"

"Rárá, Mà."

"Ṣáà fi ọṣẹ fọwọ́."

Kì í ṣe fáàrí. Bàtà máa ń gbé erùpẹ̀ oko ẹlòmíràn kiri, àrùn inú erùpẹ̀ náà a sì bá a rìn. Ní ti sìgá, ẹbí kan náà ni tábà àti ata. Fáírọ́ọ̀sì kan tó máa ń bá ewé tábà jà lè wà nínú sìgá, kó ti ibẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń mu ún, kó sì ti ọwọ́ bọ́ sára ata tí onítọ̀hún bá fọwọ́ kàn. Mo fọ ọwọ́ mi dé ìgúnpá.

Mo bi wọ́n léèrè ohun tó gbé wọn dé ìdí tàtàṣé, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbìn sẹ́yìn ilé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Ṣáṣá ni. Nínú oṣù Kejì ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá níbí n'Ìbàdàn. Kí oṣù náà tó parí, àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè Ọya ti fi ẹ̀hónú dá ọkọ̀ wọn dúró, ó sì tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọjà wọ gúúsù. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé tó rí i kedere pé láti Kánò àti Kàdúná ni ọbẹ̀ wọn ti ń wá. A ní ilẹ̀, a ní òjò, a ní NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ẹ̀fọ́ tó ti wà ní Ìdí-Ìṣin n'Ìbàdàn láti ọdún 1975, síbẹ̀ inú tírélà ni tàtàṣé wa ti ń sọ̀ kalẹ̀. Rodo nìkan kò sì lè dí àlàfo rẹ̀. Ẹni tó bá ti dáná rí mọ̀ pé rodo wà fún títa, tàtàṣé ló ń fún ọbẹ̀ láwọ̀, òun ló ń jẹ́ kó ki.

Orí fáráńdà la ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ìgò oògùn ikọ́ tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ wà lórí tábìlì. Eérú gbígbẹ díẹ̀ wà nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fa ọ̀rinrin, bébà bo eérú, irúgbìn wà lórí bébà. Wọ́n fi bíírò kọ oṣù àti ọdún sára ìgò kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà olùkọ́ gan-an, kò sí èyí tó wọ́. Bí irúgbìn ata bá gbẹ dáadáa tí ọ̀rinrin kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó lè lo ọdún méjì sí mẹ́ta kó ṣì hù.

Màmá kì í mú irúgbìn lára ata tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Ó gbọ́dọ̀ pọ́n tán lórí igi, kí ara rẹ̀ tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hunjọ díẹ̀, kí wọ́n tó là á. Wọ́n á tẹ́ irúgbìn rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn lábẹ́ òrùlé, wọn kì í sá a sóòrùn. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbẹ ni pé wọ́n á mú ẹyọ kan, wọ́n á gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́. Bó bá tẹ̀, kò tíì tó. Bó bá dá pọ́ńkán, ó ti tó.

"Irúgbìn inú ata tí a rà lọ́jà ńkọ́, Mà? Ṣé kì í hù?"

"Á hù. Ohun tó máa bí ni o ò lè mọ̀."

Òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ pé irúgbìn àdàlù tí ilé iṣẹ́ ṣe ni àgbẹ̀ tó gbin ata náà lò, ọmọ kì í jọ ìyá mọ́ nígbà tó bá tún hù. Bó sì jẹ́ ti ìbílẹ̀, oyin lè ti gbé àtíkè òdòdó ṣọ̀mbọ̀ wá bá a lóko. Ọmọ ìyá ni tàtàṣé àti ṣọ̀mbọ̀. Capsicum annuum ni àwọn onímọ̀ ń pe àwọn méjèèjì, kò sì sóhun tó rọrùn tó kí wọ́n gùn fún ara wọn. Rodo ló jẹ́ ẹ̀yà mìíràn, Capsicum chinense. Gbogbo wọn ló wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà; kí ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí tó gbé ata wọ̀nyí dé etíkun wa, ataare àti ìyèré ni àwọn baba wa ń lò bí wọ́n bá fẹ́ kí oúnjẹ ta lẹ́nu.

Àwọn àwo irúgbìn wà lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kàn wọ́n tí òjò kò sì lè dé. Àwo áísìkiriìmù ni wọ́n, wọ́n ti fi ìṣó gbígbóná lu ìsàlẹ̀ wọn. Ilẹ̀dú, yanrìn odò àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà pátápátá ni Màmá pò, tí wọ́n jọ̀, kó tó wọnú àwo. Wọ́n á wá da omi híhó lé e lórí, kó pa ohun tó ń gbé inú rẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó tutù. Ihò tí irúgbìn ń wọ̀ kò jìn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà sí ẹyọ kan lọ. Ilẹ̀ tó móoru ni ata fẹ́ kó tó hù, ìwọ̀n 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, èyí tí Ìbàdàn ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Láàrin ọjọ́ 7 sí 14, ó yẹ kó ti yọrí. Ọmọ Màmá obìnrin tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù náà ń gbin tàtàṣé, ṣùgbọ́n etí fèrèsé lókè ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ni tirẹ̀ ti ń hù nínú oṣù Kejì, kò sì gbọ́dọ̀ gbé e síta kí oṣù Karùn-ún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí òtútù má baà pa á.

Mo bẹ̀rẹ̀ wo èyí tó kéré jù. Àwọn kan kò tíì nàró: ọrùn wọn ti jáde, ó funfun, ó tẹ̀, orí ṣì há sínú ilẹ̀. Àwọn mìíràn ti gbérí, ṣùgbọ́n èèpo irúgbìn ṣì dé wọn lórí, ewé méjì àkọ́kọ́ há sínú rẹ̀, wọn ò lè ṣí. Ọmọ-ọmọ Màmá tó ń tẹ̀ lé wa kiri na ọwọ́ pé kóun yọ ọ̀kan.

"Má fà á! O fẹ́ já a lórí ni?"

Màmá ki ìka bọ omi, wọ́n kán ẹ̀kán kan sórí èèpo náà, wọ́n fi í sílẹ̀. Ìgbà tí a fi máa padà kọjá níbẹ̀, èèpo náà ti rọ̀, ewé kan sì ti yọ ẹ̀gbẹ́ jáde, tẹ́ẹ́rẹ́, ṣóńṣó.

Àwo kan wà lápá ọ̀tún tí gbogbo inú rẹ̀ ti sùn sílẹ̀. Ewé wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀, kò sí kòkòrò lára wọn, ṣùgbọ́n ibi tí igi ti kan ilẹ̀ gan-an ti rọ̀, ó ti dúdú, ó ti fún. Màmá bojú wẹ̀yìn.

"Ta ló bomi rin eléyìí?"

Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. Láàárọ̀ ló ń bomi rin ín, lálẹ́ ló tún ń bomi rin ín, nítorí wọ́n ní kó máa tọ́jú rẹ̀. Ohun tó pa wọ́n ni àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín inú ilẹ̀ bíi Pythium àti Rhizoctonia, ibi tí omi bá dúró sí sì ni wọ́n ti ń gbérí. Lójú tèmi, bí a bá ka àwọn tàtàṣé tó ń kú lẹ́yìn ilé ní apá ibí yìí, èyí tí omi pa á pọ̀ ju èyí tí òùngbẹ pa lọ, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í pé oṣù kan kí wọ́n tó lọ. Màmá máa ń ti ìka bọ ilẹ̀ kí wọ́n tó mú omi. Bí ìka bá bá ọ̀rinrin pàdé, kò sí omi lọ́jọ́ náà. Àárọ̀ nìkan ni wọ́n sì ń bomi rin ín, kí ojú ilẹ̀ ti gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

A kúrò níbẹ̀, a bọ́ sórí ebè. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni tàtàṣé ń lò nínú àwo kó tó bọ́ síbí, tàbí kó ní ojúlówó ewé márùn-ún sí mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìṣílọ, Màmá á dín omi rẹ̀ kù, wọ́n á sì máa sún àwo sínú oòrùn díẹ̀díẹ̀, kí ara rẹ̀ le. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbìn ín. Wọ́n gé ọ̀pá kan sí 50 sẹ̀ǹtímítà, òun ni wọ́n fi ń wọn àárín igi kan sí èkejì. Ebè náà ga ju bí mo ṣe rò lọ, ó tó ìdajì ojúgun mi, poro àárín wọn sì dà sápá ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, kí omi òjò lè ráyè sá lọ.

Ibì kan wà nínú ọgbà tí kò sí ata lórí rẹ̀, ẹ̀wà ló wà níbẹ̀. Tòmátì ló wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹbí kan náà ni tòmátì, ìgbá àti ata. Àrùn tó bá ti kọ́ bá a ṣe ń jẹ ọ̀kan, kì í kọ èkejì sílẹ̀, àwọn kan nínú àrùn náà sì lè jókòó sínú ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Màmá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ajílẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti pẹ́ ni wọ́n ń lò, ó sì níwọ̀n. Bó bá pọ̀ jù, igi á ga, ewé á ṣú dúdú, gbogbo ẹni tó bá kọjá á máa yìn ín, kò sì ní so.

Ìsọ̀rí kejì ló ń tanná. Òdòdó tàtàṣé kéré, ó funfun, ó sì dorí kodò, èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó rí inú rẹ̀. Inú òdòdó kan náà ni akọ àti abo wà, nítorí náà ó lè dá gba oyún láìsí oyin. Màmá kàn ń fi ìka ta igi rẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́ láàárọ̀ ni. Òdòdó àkọ́kọ́ tó yọ ní oríta ẹ̀ka ni wọ́n máa ń já dànù, wọ́n ní kí igi kọ́kọ́ di igi kó tó bímọ. Àwọn olọ́gbà kan gbà bẹ́ẹ̀, àwọn kan ò gbà. Igi tí mo rí níbẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n n ò lè fi dá a láre, nítorí kò sí èyí tí wọ́n fi òdòdó àkọ́kọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀ tí a lè fi wé e.

Ohun tí mo gbà láìjiyàn ni ètò àkókò wọn. Bí ooru ọ̀sán bá ti kọjá ìwọ̀n 32 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí òru náà sì móoru, òdòdó ata a máa já bọ́ láìso. Ẹ̀rùn oṣù Kejì àti oṣù Kẹta n'Ìbàdàn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí Màmá fi ń gbin àkọ́kọ́ sínú àwo ní ìparí oṣù Keje, òmíràn ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn mìíràn láti ìgbà tí oṣù Kẹwàá bá ti ń lọ, kí èyí tó pọ̀ jù tanná nígbà tí òru ti ń tutù.

Lára igi kan, mo rí àpò aṣọ nẹ́ẹ̀tì kékeré kan, kò ju àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n fi òwú so mọ́ ẹ̀ka. Òdòdó kan wà nínú rẹ̀ tí kò tíì là. Kí oyin má baà dé ibẹ̀ ni. Bó bá ti so, Màmá á tú àpò náà, wọ́n á fi òwú pupa so ọrùn èso náà, kí ẹnikẹ́ni má já a fún ọbẹ̀. Ti irúgbìn nìyẹn. Aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ògiri ń gbin ṣọ̀mbọ̀, wọn kò sì lè ní kó má gbìn ín.

Nígbà tí a dé ibi igi kẹta lórí ebè yìí, Màmá dúró. Wọ́n yí ewé kan padà. Àwọ̀ rẹ̀ ti dàpọ̀: iṣan rẹ̀ ṣú, àyíká iṣan ti ń di ràkọ̀ràkọ̀, etí ewé sì ti ń lọ́. Kòkòrò wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé ló ń fa omi lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kòkòrò yìí ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì láti igi dé igi; èyí tó ń ba iṣan ewé ata jẹ́ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Gánà ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1971. Kò sí oògùn tó ń wo igi tó bá ti kó o. Màmá fa igi náà tu tìdítìdí, òdòdó mẹ́rin lára rẹ̀.

"Màmá, ó ṣì máa so o!" ni ọmọ náà ké.

"Á so, á sì kó o ran gbogbo àwọn yòókù." Wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n so ẹnu rẹ̀, ó di ibi tí wọ́n ti ń jó pàǹtírí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé omi ewé dọ́ńgóyárò tó ti wà nínú garawa láti àná, tí wọ́n fi ọṣẹ díẹ̀ sí, pé bí oòrùn bá wọ̀, abẹ́ ewé gbogbo igi tó kù ni wọ́n máa fín in sí. Ó ń lé kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í lé e tán. Ojú tí Màmá fi ń ṣí ewé wò lójoojúmọ́ ṣiṣẹ́ ju garawa náà lọ.

Ẹsẹ̀ ògiri ni àwọn àgbà wà. Koríko gbígbẹ nípọn lábẹ́ wọn, nítorí bí ilẹ̀ bá gbẹ táútáú lónìí tó sì rin gbingbin lọ́la, ìdí èso á rà, á dúdú. Mo rí ọ̀kan tó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé kòkòrò ló jẹ ẹ́, wọ́n á sì lọ ra oògùn. Omi tí kò dọ́gba ni, tí kò jẹ́ kí èròjà kálísíọ́ọ̀mù dé ìdí èso. Àwọn yòókù dára. Ata aláwọ̀ ewé á dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, gbọ̀nrangandan, bí ẹni pé kò ní pọ́n láé. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ á di àwọ̀ ilẹ̀, kó tó wá pupa. Sísọ́ọ̀sì ni Màmá fi ń gé e. Ẹ̀ka ata kì í gba fífà, á fà ya pẹ̀lú èso.

Wọ́n gé méjì, wọ́n gbé wọn sórí àwo, wọ́n la àkọ́kọ́ gbọọrọ pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ẹran rẹ̀ nípọn. Inú rẹ̀ ni ìwọ́ funfun wà, láti òkè lọ sísàlẹ̀, irúgbìn rọ̀ mọ́ ọn pítípìtì. Màmá ní kí n lá ẹran rẹ̀: ó dùn. Wọ́n ní kí n lá ìwọ́ funfun náà: ó ta díẹ̀, ó sì lọ. Ibẹ̀ ni ata ti ń ṣe ohun tó ń ta, kì í ṣe inú irúgbìn bí a ti máa ń sọ. Ara ìwọ́ náà ni irúgbìn ti ń kó o. Ọmọ Amẹ́ríkà apòògùn kan, Wilbur Scoville, ló gbé òṣùwọ̀n títa ata kalẹ̀ ní ọdún 1912. Lórí òṣùwọ̀n náà, poblano, ata tútù àwọn ará Mẹ́síkò, kì í sábà ju 2,000 lọ, nígbà tí habanero tó jẹ́ ẹbí rodo wa máa ń wà láàrin 100,000 sí 350,000.

Wọ́n la èkejì. Kò sí ìyàtọ̀ kankan lójú, gígùn kan náà, àwọ̀ kan náà. Mo lá a, omi bọ́ lójú mi.

Màmá ń rẹ́rìn-ín. "Mi ò dé ìyá ẹ̀ ní nẹ́ẹ̀tì. Bàbá ẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri."

Títa máa ń borí àìta nínú ìbí ata. Bí ọ̀kan nínú òbí bá ta, ọmọ sábà máa ń ta. Èso tó wà lórí igi lọ́jọ́ tí ṣọ̀mbọ̀ gùn ún kò ní yí padà, irúgbìn inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó hàn lẹ́nu. Màmá ò ju irú rẹ̀ nù. Ó ń lọ sínú ọbẹ̀, rodo díẹ̀ ni wọ́n á kàn yọ kúrò. Irúgbìn rẹ̀ ni kì í dé inú ìgò.

Ibi tí mo ti ń wá omi mu ni obìnrin kan ti wọlé láti ojúlé kejì, ọ̀rá dúdú lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kúulé, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ra ọmọ tàtàṣé mẹ́wàá."

"Níbo lo fẹ́ gbìn ín sí?"

"Ibi tí mo gbin tòmátì sí níjọ́sí yẹn náà ni, Mà. Ilẹ̀ ibẹ̀ dáa."

"Mi ò tà á."

Obìnrin náà rò pé owó ni. Ó ní òun á fi kún un. Màmá bi í pé tòmátì náà ńkọ́. Ó ní ó ṣáà rọ lọ́jọ́ kan ni, gbogbo ẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ò fomi dù ú. Màmá wò mí, wọ́n tún wo obìnrin náà. Wọ́n ní kó lọ wá rọ́bà ọ̀dà márùn-ún, kó lu ìsàlẹ̀ wọn, kó má bu ilẹ̀ ibẹ̀ sínú ẹ̀ rárá. Ó di Sátidé kó tó wá, nítorí àwọn ọmọ náà ò tíì rí oòrùn tó. Rọ́bà kan, igi kan.

"Màmá, mẹ́wàá ni mo fẹ́ o."

"Wá rọ́bà mẹ́wàá."